Paracetamol onídírípù: iṣẹ́ rẹ̀ yá, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́

Ìgò tàbí àpò 100 ml ni, giráàmù kan (1,000 mg) ló sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ kékeré 2 ml tí wọ́n ń gún sí ìdí o. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ rà á wá láti ìta, yálà ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni ìrora ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ń bì, ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, àwọn ló yẹ. Ẹni tó bá lè mu oníhóró, kó mu ún. Owó rẹ̀ kéré jìnnà, agbára wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Bó bá sì jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ara á tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ kò kúrò. Oògùn ibà lọ́tọ̀ ni.

Ìṣẹ́jú 15 ló yẹ kó fi wọlé. Bí okùn dírípù bá jẹ́ èyí tó ń kán nígbà ogún (20) fún mílílítà kan, á máa kán bíi 133 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè já wálẹ̀. Ti ìgò onígíláàsì, kí nọ́ọ̀sì má kúrò nídìí rẹ̀ bó bá ń parí lọ, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ iṣan. Wọn kì í po oògùn mìíràn mọ́ ọn, wọn kì í gbé e sí fíríìjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni.

Ti ọmọdé ló ká wa lára jù. 10 mg ló wà nínú mílílítà kan. Ọmọ kílò 8, ní 7.5 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, 60 mg ni tirẹ̀: 6 ml péré. Ẹni tó bá fún un ní 60 ml ti fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ló sì máa jìyà rẹ̀. Kí wọ́n má gbé odindi ìgò kọ́ fún ọmọ ọwọ́ rárá. Sírínjì ni kí wọ́n fi fa ìwọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n kọ mg àti ml sílẹ̀ pọ̀.

Àgbà tó ju kílò 50 lọ, giráàmù kan lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 4 síra wọn, kó má ju giráàmù 4 lọ ní wákàtí 24. Hóró tí mọ̀lẹ́bí bá yọ́ fún un wà nínú ìṣirò yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbọ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí dókítà mọ̀ ṣáájú. Bó bá ti pọ̀ jù lára, acetylcysteine ni oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má dúró títí ẹyinjú aláìsàn á fi pọ́n bíi ti ibà pọ́njú.