Alẹ̀mọ́ àbí onísíkúrù: sẹ́ńsọ̀ wo ló mọ bí omi inú kọ̀ǹpútà yín ṣe gbóná tó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra rádíétọ̀, pọ́ǹpù àti táńkì, tó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa mọ bí omi yẹn ṣe gbóná tó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní ṣàlàyé bí omi ṣe ń mú kọ̀ǹpútà tutù, ẹ ti mọ ìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ méjì lẹ máa rí lọ́jà. Ìkan pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí ewé, téépù lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara nǹkan. Ìkejì ní síkúrù ìwọ̀n G1/4 bíi ti gbogbo fítìn (ẹnu tí wọ́n fi ń so túùbù) tó kù nínú kesì yín, orí ẹ̀ wọ inú omi lọ. Mo ti lo méjèèjì, ìkan nínú wọn sì jẹ mí lówó gidi.

Owó: alẹ̀mọ́ ò wọ́n rárá, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń bá nǹkan míì wá lọ́fẹ̀ẹ́ nínú páálí. Onísíkúrù wọ́n jù ú lọ, àmọ́ kì í ṣe owó tó máa dá ìjà sílẹ̀ nílé. Fífi sí i: alẹ̀mọ́ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ti onísíkúrù, ẹ máa kọ́kọ́ fa omi dànù ná. Wáyà méjèèjì rí bákan náà, ẹnu onípíìnì méjì, bó ṣe wù yín lẹ lè kì í bọlẹ̀ torí kò ní pọ́sítíìfù kò ní nẹ́gétíìfù. Lára mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ASUS máa ń kọ T_Sensor síbi tó ń wọ̀, Gigabyte máa ń kọ EC_TEMP. Tẹ́ ẹ ò bá rí irú ẹ̀ lára tiyín, ẹ máa ra kọntírólà tó ń darí fáànù lọ́tọ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wọ̀n gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí àwọn màmá tó pé ọgọ́ta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ to ẹ̀rọ olómi tèmi, alẹ̀mọ́ ni mo lò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara túùbù PETG, ike líle, tó jáde látinú GPU, káàdì tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, mo ní kí fáànù máa tẹ̀lé nọ́ńbà ẹ̀: tó bá ti di 45 dígírì kí wọ́n sáré, kó tó débẹ̀ kí wọ́n rọra. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, 38, 39, inú mi á dùn, mo tiẹ̀ ń fi yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ mi. Ọyẹ́ wá dé. Eruku ọyẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn wọ inú rádíétọ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀ bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀, kí ló fẹ́ jẹ́ kí n mọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ Sátidé kan mò ń rẹ́ńdà fídíò ìgbéyàwó wákàtí mẹ́rin, fáànù ń yí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé, sẹ́ńsọ̀ ní 41. Mo ṣèèṣì fọwọ́ kan túùbù, mo já ọwọ́ gbà. Kí n tó nawọ́ sí ibi tí mo máa ti pa á, túùbù tó ti rọ̀ yọ kúrò lẹ́nu fítìn, omi aláwọ̀ búlúù ń kán tó, tó, tó sórí GPU, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. ₦380,000 ni mo fi ra GPU tòkúnbọ̀ míì, ìyàwó tuntun sì ń pè mí lójoojúmọ́, "Ẹ̀gbọ́n, fídíò wa dà?"

Ìgbà tí mo tú u ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Túùbù rí róbótó, sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ, kò jókòó dáadáa látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan péré ló fara kàn án. Ooru wá yọ́ gọ́ọ̀mù ìdí téépù, bí omi ṣe ń gbóná sí i ni téépù ń ṣí sí i, bó sì ṣe ń ṣí ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n afẹ́fẹ́ inú kesì dípò omi. PETG sì rèé, tómi bá ti ń sún mọ́ 60 dígírì, ó ti ń rọ̀ nìyẹn, 60 yẹn náà làwọn tó ṣe pọ́ǹpù D5 ní kí omi má kọjá.

Lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, mo fi onísíkúrù sí i, mo wá lẹ alẹ̀mọ́ tuntun mọ́ túùbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n lè mọ ibi tí wàhálà mi ti wá, mo fi téépù dúdú táwọn oníná ń lò wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Onísíkúrù ní 47, alẹ̀mọ́ ní 43. Mo ní kí fáànù iwájú kesì máa sáré dé òpin: kò tó ìṣẹ́jú kan, alẹ̀mọ́ ti bọ́ sí 40, omi ò yí padà rárá. Afẹ́fẹ́ lọ̀gá ẹ̀.

Onísíkúrù náà ní tiẹ̀ lára o. Ọ̀rẹ́ mi kan dè é mọ́ ihò tó ṣófo lókè táńkì, omi ò débẹ̀, ó tún wá ń bú sẹ́ńsọ̀. Ibi tómi ti ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi sí. Àmọ́ bóyá ṣáájú GPU ni tàbí lẹ́yìn CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn dà yín láàmú: tómi bá ń ṣàn ní lítà 200 ní wákàtí kan, nǹkan tó ń jẹ 300 wáàtì ò lè fi dígírì kan àtààbọ̀ kún omi tó gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹyọ kan tó, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra mẹ́rin, ọjà ẹ̀ ló ń tà.

Wàhálà ẹ̀ kejì kì í hàn sójú. 10k ni wọ́n máa ń kọ sí i, ìyẹn ni pé ní 25 dígírì, ìdènà iná inú ẹ̀ jẹ́ 10,000 ohm, bó bá sì ṣe ń gbóná ni iye yẹn ń já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára já wálẹ̀ tó ò dọ́gba, nọ́ńbà B ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní B 3435 tàbí B 3950. Tẹ́ ẹ bá lọ ki 3950 bọ inú kọntírólà tó ń retí 3435, ní 25 wọ́n máa bára mu rẹ́gí, ẹ máa rò pé kò síṣòro, àmọ́ omi tó wà ní 40 ó máa pè é ní 42 àti díẹ̀, 50 ó máa pè é ní 54. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé kẹ́ ẹ tó dè é. Ẹ ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, ẹ ti orí sẹ́ńsọ̀ àti tẹmómítà yẹn bọ̀ ọ́ pọ̀, orí ẹ̀ nìkan o, kì í ṣe wáyà. Tẹmómítà ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà láàárín 35 sí 42, agbègbè yẹn gan-an lomi tiwa sì máa ń wà. Tó bá fi dígírì méjì ju ti tẹmómítà lọ, ẹ yọ méjì nínú sọ́fítíwíà, ó parí. Tèmi fi 0.6 yàtọ̀, mi ò tiẹ̀ dá a lóhùn.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ ṣe, ṣebí sọ́fítíwíà HWiNFO ń fi ooru CPU hàn. CPU mọ ara ẹ̀, kò mọ omi. Ẹ ṣí bráwúsà, ó fò láti 45 sí 70, ẹ tì í, ó bọ́ wálẹ̀, omi ò tíì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, fáànù tó bá wá ń tẹ̀lé e á máa hó á máa dákẹ́ bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀. Mímọ̀ tó mọ ara ẹ̀ yẹn náà sì ní àbùlà: nígbà tí Ryzen 7 1800X, CPU ilé iṣẹ́ AMD, jáde lọ́dún 2017, Tctl, nọ́ńbà ooru tó ń gbé jáde, fi 20 dígírì ju ooru tòótọ́ lọ, AMD fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un nítorí fáànù ni.

Ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lásìkò kòrónà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, fítìn tó ń dán sì máa ń dá ooru ibòmíì padà sí i bíi dígí.

Tí mi ò bá ní ṣojúsàájú, alẹ̀mọ́ náà níbi tó dáa sí. Ẹ̀yìn GPU tó tẹ́jú, tí síkúrù ò lè dé, ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn ẹ̀ sí jù ni ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ rádíétọ̀, kẹ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan, kó kàn rọ̀ síbẹ̀, kó máa wọ̀n afẹ́fẹ́ tó mọ̀ ọ́n wọ̀n. Torí nọ́ńbà omi nìkan ò tó. Ẹni tó wà nílùú òyìnbó á ní omi òun ò kọjá 33, ẹ ò béèrè pé yàrá ẹ̀ jẹ́ 21. Lóṣù kẹta, tí NEPA bá ti mú iná lọ, tó jẹ́ inverter là ń lò, tí AC ò ṣiṣẹ́, yàrá tèmi á wà ní 32, omi á wà ní 44. Èmi àti ẹni yẹn, 12 la fi ju yàrá lọ, kò sẹ́ni tó sàn ju ẹnì kejì, omi ò kúkú lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ.

Nítorí náà onísíkúrù kan sínú omi, alẹ̀mọ́ kan síta, kí kọntírólà máa yọ ìkan nínú ìkejì, kí fáànù máa tẹ̀lé ohun tó bá kù. Tó bá jẹ́ owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, ti yàrá, aago ògiri tó ní tẹmómítà náà lè sọ ọ́. Lọ́yẹ́ tó kọjá, 12 tèmi di 16 lórí iṣẹ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì sí nǹkan tó gbóná débi tọ́wọ́ fi máa mọ̀. Mo tú rádíétọ̀ síta, mo fi bílówà fọn ún láti ẹ̀yìn, ọmọ àbúrò mi tó dúró síbẹ̀ sín títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. A dá a padà, ó tún di 12.