Wọ́n yọ ìròyìn mi, wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ Mass Comm tí mo kà

Yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo ti gboyè nínú Mass Communication. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Iye máàkì tí wọ́n ń gbà ní JAMB àti owó iléèwé, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, kò sídìí tí mo fi máa tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹrin ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ní ọdún kẹta, kíláàsì wa máa ń tẹ ìwé ìròyìn ìdánrawò jáde. Èmi kọ ìròyìn lórí họ́stẹ́lì àwọn obìnrin. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táńkì ti jóná, àwọn ọmọbìnrin sì ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, mo bá mẹ́ruwà sọ̀rọ̀, mo lọ sí ẹ̀ka tó ń tún nǹkan ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ẹ̀rọ tuntun ti wà lọ́nà, mo sì fi èsì rẹ̀ sókè níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Olùkọ́ tó ń darí ìwé náà fi báírò pupa tún ìlà méjì ṣe, ó buwọ́ lù ú.

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Mo ṣí ojú ewé kẹrin. Àwòrán ọ̀gá àgbà kan nínú ọgbà ni mo bá níbẹ̀, ó wọ agbádá, wọ́n ń kí i kú oríire oyè tó jẹ nílùú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ omi ti pòórá. Orúkọ mi nìkan ni wọn ò yọ. Ó wà lábẹ́ àkọlé oríire yẹn gàdàgbà, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Kí wọ́n yọ ìròyìn, ó burú. Kí wọ́n fi orúkọ mi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ, ìyẹn ló mú mi sunkún ní kọ́ridọ̀.

Mo lọ bá olùkọ́ tó buwọ́ lù ú. Kò wo ojú mi. "Kì í ṣe èmi o. Lọ bá HOD." Mo dé ọ́fíìsì HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka Mass Comm wa, akọ̀wé wọn ní wọn ò sí lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn wọn látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, màmá akọ̀wé yẹn fún mi ní píọ̀wọ́tà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, fi sílẹ̀. Àwa tá a ń ṣiṣẹ́ níbí náà ní ohun tá à ń gbé mì." Mi ò lè bínú sí wọn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, sà, kí wọ́n ṣáà kéde pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." HOD ní iléèwé ló ni ìwé ìròyìn, iléèwé ló sì mọ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ jáde níbí àbí o ò fẹ́?"

Ẹ̀ka kan náà yìí ló kọ́ wa ní ọdún kìíní nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1953. Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bá Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò ìjọba, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò yẹn kan náà, wọn ò gbà. Ọ̀ràn yẹn wà lára ohun tó mú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Olùkọ́ wa sọ ìtàn yẹn débi pé kíláàsì pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ́ wa ní ẹsẹ̀ 22 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, tó ní iṣẹ́ oníròyìn ni láti mú ìjọba jíhìn fún aráàlú. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Màdáámù tó ń kọ́ wa ní òfin ìròyìn ló kọ́kọ́ gbèjà mi. Obìnrin yìí mú òfin FOI ti 2011, òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé àti ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba, wá sí kíláàsì, ó ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, àti pé ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀. Màdáámù gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, wọ́n wọlé tọ HOD, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nínú ìwé ìròyìn tó tẹ̀ lé e, àtúnṣe ìlà méjì wà lẹ́yìn pé àṣìṣe ni orúkọ mi lábẹ́ ìkíni yẹn. Wọn ò dárúkọ omi.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni bàbá tó ń bójú tó sítúdíò. Wọn kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó wá sọ́gbà. Wọ́n ní kí n ka ìròyìn omi yẹn fún wọn. Mo kà á. "Ìwé lò ń kà, o ò tíì máa sọ̀rọ̀." Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí n fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí ẹlòmíì lè ní láti kà á lórí afẹ́fẹ́ láìrí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé àwọn gbólóhùn gígùn sí méjì, kí èémí lè tó wọn. Ibi tí mo ti kọ pé "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn", wọ́n fagi lé e. "Ta ni? Kí ló sọ? Jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀." Mo padà sí họ́stẹ́lì, mo gba ohùn ọmọbìnrin kan bó ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì gun àtẹ̀gùn, à ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá fi ohùn yẹn ṣáájú, kí èmi tó sọ ohunkóhun. Jẹnẹrétọ̀ ò lépo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, owó ara wọn ni wọ́n fi rà á.

Ìyókù ò pọ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń ta handout ní dandan. Kámẹ́rà ò tó kíláàsì, ẹlòmíì jáde láìfọwọ́ kàn án. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa, láti February dé October.

Nígbà tí mo ń wá ibi tí mo máa ti ṣe IT, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, olóòtú ìròyìn iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ní kí n fi iṣẹ́ mi han òun. Ohùn yẹn ni mo gbé sí i. Kò tíì parí tí wọ́n fi bi mí pé ta ló kọ́ mi. Lára àwọn oníròyìn ni wọ́n fi mí sí, nígbà tí wọ́n ń rán àwọn ẹgbẹ́ mi lọ ra oúnjẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kà á, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ti pín Mass Comm sí ẹ̀ka méje, Journalism lọ́tọ̀, Broadcasting lọ́tọ̀, Advertising lọ́tọ̀. Ẹ má wo orúkọ ẹ̀ka nìkan. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí sítúdíò. Ẹ béèrè ìwé ìròyìn ìdánrawò tí kíláàsì tó ṣáájú tẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìròyìn kankan wà níbẹ̀ tó bi iléèwé fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè. Àbúrò mi obìnrin ti mú Broadcasting níbi tí mo ti jáde. Èmi ni mo sanwó fọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé kó tètè wá bàbá sítúdíò lọ.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5.