Òkúta odò tàbí táìlì kéékèèké: èwo ni ká tẹ́ sílẹ̀ ṣáwà?

Àlàfo tó wà láàárín wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta odò ò dọ́gba, nítorí náà símẹ́ǹtì tó ń dí àlàfo rẹ̀ pọ̀ gan-an. Símẹ́ǹtì yìí ń mu omi, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, èérí ọṣẹ sì ń há síbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kẹ́míkà ìdènà omi pa òkúta náà kí ẹ tó dí àlàfo, kí ẹ sì máa tún un pa látìgbàdégbà. Ní ti táìlì kéékèèké, pọ́sílénì, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n sun tó le gan-an, ni ká fi wé òkúta; kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń mú kí òkúta wọ́n. Ojú àwọ̀n ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí ẹ bá kàn to àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà gbọọrọ á yọ síta. Àfi kí ẹ ká òkúta díẹ̀ kúrò létí àwọ̀n, kí ẹ fọwọ́ to ó padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe é.

Méjèèjì ò ní yọ èèyàn lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló sì nílò awọ adènà-omi lábẹ́, pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kan.

Ilé tí àgbàlagbà ẹlẹ́sẹ̀ dídùn wà, tàbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wẹ̀ lójoojúmọ́, pọ́sílénì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ní àyè láti máa fọ̀ ọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba òkúta, kó lo òkúta.