Oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ

Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Mi ò ní dárúkọ áàpù tí mo fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀ yìí torí mo fẹ́ sọ ibi tó ti gbà mí, mo sì fẹ́ sọ ibi tó ti dùn mí. Oṣooṣù lèèyàn ń sanwó ẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí dókítà nígbà tó bá wù yín, ẹ lè ṣe fídíò kọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, wọ́n sì ní kóòṣì tó ń rí sí eré ìdárayá. Ọmọ ọdún 33 ni mí, ó ti lé lọ́dún méjì tá a ti ń wá ọmọ.

Kí n tó débẹ̀ mo ti sanwó fún ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó pe ara ẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Kò bi mí lọ́jọ́ orí, kò bi mí bóyá nǹkan oṣù mi ń wá déédéé, iye owó ìgò òògùn mẹ́ta ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ó ní láàrin 90 ọjọ́ màá lóyún. Mo rà á, mo lò ó tán. Ẹkún tí mo sun lóṣù yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Dókítà tí áàpù yìí fún mi kò dárúkọ òògùn kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Ìgbà wo ni mo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ti ìṣáájú ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi rí, ṣé ó máa ń dùn mí tá a bá ń bára wa sùn. Mo wá fi èsì àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n fi sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹyin mi kì í jáde. Progesterone ni wọ́n fi wò, ìyẹn èròjà ara kan tó máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ọjọ́ 21 ni wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi, tá a bá kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ẹ dúró ná, ṣebí ẹ sọ pé ọjọ́ 35 ni tiyín máa ń tó kó tó tún padà wá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní ọjọ́ 21 yẹn, ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 ló bá mu, torí pé nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni ẹyin máa ń jáde, lẹ́yìn ọjọ́ méje sí i ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, tèmi á wá bọ́ sí ọjọ́ 28. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n gba tèmi yẹn, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ pé ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ 28, ẹyin ń jáde! Odidi ọdún kan ni mo ti gbà pé ara mi ni ò ṣiṣẹ́.

Wọ́n wá béèrè ọkọ mi. Ọkọ mi ti wà lórí áàpù náà lápá ọ̀dọ̀ kóòṣì torí ó fẹ́ràn jíìmù, àmọ́ kò fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó ní ara òun le. Lóòótọ́ ẹ ò lè rí i kẹ́ ẹ sọ pé nǹkan ń ṣe é. Dókítà ní kó jẹ́ káwọn méjì sọ̀rọ̀, kí n má sí níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ pé òun ń gún abẹ́rẹ́ kan kí iṣan lè tètè yọ. Testosterone ni, èròjà ara tó ń mú kí ọkùnrin rí bí ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa ni pé tí testosterone bá ń wá láti ìta, ọpọlọ á rò pé ó ti tó lára, kò ní ránṣẹ́ sí kórópọ̀n mọ́ pé kó ṣiṣẹ́, kórópọ̀n náà á sì dẹwọ́ sperm tó ń ṣe, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín inú àtọ̀ tó ń lọ pàdé ẹyin, tàbí kó dá a dúró pátápátá. Nǹkan tó ń jẹ́ kó rí bí ọkùnrin gidi nínú dígí ló ń dí wa lọ́nà ọmọ. Wọ́n ní kó lọ yẹ àtọ̀ wò, kó tó ọjọ́ méjì sí méje tá a ti bára wa sùn gbẹ̀yìn, kí àtọ̀ náà sì dé lábù láàrin wákàtí kan. Wọn ò rí sperm kankan níbẹ̀. Òdo.

Ibi tó dùn mí nìyí. Ọkọ mi ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kóòṣì pé òun ń gún abẹ́rẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀! Kóòṣì rí i, ó kàn ń kọ iye ìgbà tí wọ́n máa gbé irin ni, dókítà ò sì lè rí ohun tó wà lọ́dọ̀ kóòṣì. Inú áàpù kan náà, owó kan náà. Mo kọ̀wé sí wọn nípa ẹ̀, wọ́n dáhùn, wọ́n bẹ̀ mí, àmọ́ títí dòní wọn ò tíì so ó pọ̀. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nínú márùn-ún, torí ẹ̀ ni. Wọ́n tún máa ń pẹ́ dáhùn tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n tí inú bá ń run yín gan-an tàbí ẹ̀jẹ̀ ń ya, ẹ má dúró de áàpù kankan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán dókítà yìí ni pé wọ́n máa ń sọ ọ́ tí nǹkan ò bá ṣeé ṣe lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ kan ọkọ mi, kó má sì dá òògùn kankan rà láti fi dá sperm padà, wọ́n kọ lẹ́tà fún un kó lọ rí dókítà lójúkojú, ọ̀hún ni wọ́n ti bá a dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Èmi náà, wọ́n ní kí n lọ ṣe fọ́tò tó ń fi hàn bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà là, ó là. Wọ́n ní kí n máa lo folic acid, fítámì tí wọ́n máa ń fún obìnrin tó ń wá ọmọ, 400 microgram lójúmọ́.

Wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú pé sperm máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó dàgbà, àti pé ìpadàbọ̀ ẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rí. Lóṣù tó kọjá ó ti di mílíọ̀nù méje nínú mílílítà kan. Mílíọ̀nù 16 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀, a ò tíì débẹ̀. Ọkọ mi ló fúnra ẹ̀ ṣe fídíò kọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, ó jókòó tì mí, ó ń béèrè ìbéèrè ju èmi lọ. Àyẹ̀wò tó kàn ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ti san owó oṣù tó ń bọ̀.