Àwòrán Ilé Ṣáínà fún Ilẹ̀ Olókùúta: Iṣẹ́ Ayàwòrán Ilé Kan ní Abẹ́òkúta

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, mo gbé iṣẹ́ àwòrán rẹ̀ fún ayàwòrán ilé kan nígboro, ẹni tó ń polówó pé òun ń ya ilé ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà fún ẹni tó bá fẹ́ ilé tí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Ó gba ìdajì owó sílẹ̀, ó sì jíṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwọ̀n ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pé, kódà ó ya etí òrùlé tó ká sókè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìmọ́tótó iṣẹ́, n kò ní ẹjọ́ kankan í bá a rò.

Ilé Beijing ló yà fún mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Siheyuan ni wọ́n ń pe irú ilé náà: ilé mẹ́rin yí àgbàlá kan ká, èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn wà níhà àríwá, ó kọjú sí gúúsù, ẹnu ọ̀nà sì wà ní igun gúúsù ìlà-oòrùn. Gbogbo rẹ̀ ló nídìí níbi tó ti wá. Òtútù Beijing a máa mú omi dì, atẹ́gùn tútù ń ti àríwá wá, oòrùn ìgbà òtútù kì í sì í gòkè púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ àgbàlá kí ìtànṣán lè ráyè wọ yàrá, tí wọ́n sì ń dí ògiri ẹ̀yìn pa. Àtàrí ẹni ni oòrùn ọ̀sán ń dúró sí ní Abẹ́òkúta. Àgbàlá tó fẹ̀ tó yẹn kò ní yàtọ̀ sí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, ògiri tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo yóò sì sé atẹ́gùn mọ́ta. Mo gbà pé yóò dá eruku ọyẹ́ dúró, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dún? Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni kang tó yà sí yàrá àlejò, ìyẹn ibùsùn bíríkì tí èéfín iná ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí ó lè móoru. Àlejò wo ni mo fẹ́ yan?

Bíríkìlà tí mo fi àwòrán náà hàn kò tilẹ̀ wo òrùlé. Ó fi ìka lé àárín àgbàlá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, omi òjò ibí yìí ńkọ́, ibo ni yóò gbà jáde?” A wá a títí, kò sí ojú gọ́tà kankan.

Bẹ́ẹ̀, ilé tó yẹ kó wò wà ní Ṣáínà kan náà. Ní Huizhou, lágbègbè Anhui, níbi tí ooru àti òjò ti ń pàdé, àgbàlá wọn tóóró, ògiri ga yí i ká bíi kànga, wọ́n sì ń pè é ní tianjing. Oòrùn kì í pẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ooru inú ilé ń gba ibẹ̀ gòkè, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń da omi sínú kòtò olókùúta tó ní ojú ìṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Irú ilé wọ̀nyí ló kún abúlé Xidi àti Hongcun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2000. Ẹni tó bá gbọ́njú nínú agbo-ilé àtijọ́ kò ní pè é ní àjèjì, nítorí òrùlé káà àwọn baba wa náà a máa da òjò sínú ìkòkò.

Ilẹ̀ mi tún dagẹ̀rẹ̀, àpáta sì yọrí níbẹ̀. Àwọn Miao àti Tujia tó ń gbé orí òkè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà a máa fi òpó gbé iwájú ilé dúró, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó sórí òkè, láìfọ́ òkúta púpọ̀. Diaojiaolou ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán mi ya tèmi bí ẹni pé pápá bọ́ọ̀lù ni.

Kò bá mi jiyàn nígbà tí mo dá a padà, ṣùgbọ́n ó gba owó mìíràn, èyí tí n kò rò pé ó tọ́, nítorí kò dé orí ilẹ̀ náà rí kó tó ya ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún un, kó kọ́kọ́ mú un débẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀. Èkejì dára gan-an: àgbàlá ti tóóró, fèrèsé kọjú síra nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, gọ́tà dé títì, òpó iwájú sì jẹ́ kọnkéré nítorí ikán. Ó pa kang rẹ́, ó sì gbàgbé ihò èéfín rẹ̀ sórí òrùlé. Bíríkìlà ló tún rí ìyẹn.