Mo ra ìnṣọ́ránsì fún ọkọ̀ tí mo fi ń gbé èrò l'Ékòó: ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ rèé

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe n'Íkẹjà, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti gbogbo Sátidé, màá tan áàpù tí èrò fi ń pe ọkọ̀, màá sì fi Corolla mi gbé èrò. Àwa tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ l'Ékòó báyìí, torí owó oṣù nìkan kò ká owó ilé ìwé àwọn ọmọ mọ́. Ìnṣọ́ránsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ ẹni fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹlòmíràn, tí iléeṣẹ́ adójútòfò kan ṣe fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò gbowó. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa wà, ibi tí wọ́n ti dùn mí náà wà, mi ò sì wá polówó ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí gbogbo awakọ̀ áàpù tó bá ń ka èyí lọ mú ìwé ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ jáde lónìí, kó wo ibi tí wọ́n kọ ìlò ọkọ̀ sí.

Nínú ìwé àdéhùn ọkọ̀ àdáni, ẹ máa rí ìpínrọ̀ kan tí wọ́n pè ní “Limitations as to Use”. Kò gùn rárá. Ó gbà yín láyè láti gbé ọkọ̀ lọ sóde ìnáwó, lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ṣe ìrìn òwò ara yín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé “hire or reward” kò sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbàrà tí èèyàn bá ti wọnú ọkọ̀ yín tó sì máa sanwó, ìwé yẹn ò mọ̀ yín rí nìyẹn. Awakọ̀ kan tí a jọ máa ń pàdé níbi tí a ti ń fọ ọkọ̀ ti rí i fojú. Comprehensive ni tirẹ̀ náà, kì í jẹ owó rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ àdáni ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ọkọ̀ kan já bíréèkì, ó sì lọ kọlù ú lórí bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá nígbà tó gbé èrò. Ẹni tí iléeṣẹ́ rán wá béèrè pé ta ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ti sọ pé èrò ni. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ panẹ́bítà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé a rò pé ₦15,000 ti parí ọ̀rọ̀. Third party nìyẹn. ₦5,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni kí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, tó gbé e sókè láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023. Tẹ́ ẹ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ó máa san tó ₦3 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ tiyín ńkọ́? Kò ní fi nǹkan kan tún un ṣe. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò lójú pópó ní oṣù Kejì ọdún 2025, gbogbo èèyàn sáré lọ rà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀, òfin ni. Àmọ́ ìwé tí ọlọ́pàá máa wò tó máa ní kẹ́ ẹ máa lọ yàtọ̀ sí ìwé tó máa dúró tì yín lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ìjọba Èkó pàápàá, nínú ìlànà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ áàpù lọ́dún 2020, comprehensive ni wọ́n ní ká ní. Ẹ má sì gbára lé ìnṣọ́ránsì tí àwọn iléeṣẹ́ áàpù máa ń sọ pé ó wà lórí ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lórí áàpù tèmi, ara èèyàn ló wà fún, ìtọ́jú ọsibítù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kan ọkọ̀.

Nígbà tí mò ń wá èyí tí mo máa rà, ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn jẹ́ éjẹ́ǹtì kan tó sọ̀rọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní, “Mà, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ń gbé èrò. Ẹ jẹ́ ká kọ private, owó rẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Ọmọdé ni, ó fẹ́ kí ọjà tà, àmọ́ kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní mo purọ́. Bẹ́ ẹ bá fi ohun tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe pa mọ́ fún adójútòfò, ẹ ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti da ìwé náà nù.

Iléeṣẹ́ tí mo wá bá ṣe jókòó tì mí. Ọkọ̀ mi jẹ́ ₦6 mílíọ̀nù nígbà yẹn. Comprehensive ọkọ̀ àdáni kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, ìyẹn ₦300,000. Torí èrò tí mò ń gbé, wọ́n ní kí n san ₦420,000. Ó wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́. Wọ́n ya fọ́tò ọkọ̀ yí ká, wọ́n ya nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí, wọ́n sì ní kí n ṣí ojú ewé mi lórí áàpù kí wọ́n rí orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Èmi náà béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: tí mo bá ti tan áàpù àmọ́ tí èrò ò tíì wọlé ńkọ́? Tí ọkọ mi bá wa ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ara mi ò yá ńkọ́? Tí èrò bá fara pa ńkọ́? Ẹnu ni wọ́n fi dáhùn. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé kan tí wọ́n so mọ́ ìwé àdéhùn, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Ìwé yẹn ló níye lórí jù lójú mi nínú gbogbo ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí n tó kúrò lọ́fíìsì wọn, mo tẹ *565*11# lórí fóònù mi láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé ìnṣọ́ránsì náà, nọ́ńbà ọkọ̀ mi sì jáde. Ẹ máa ṣe èyí, torí ayédèrú ìwé ìnṣọ́ránsì kún ọwọ́ àwọn tó ń ṣe pátíkúlà. Nọ́ńbà aláwọ̀ búlúù, ti ọkọ̀ àdáni, ló wà lára ọkọ̀ àwa alápù tó pọ̀ jù, nítorí náà kò sí ohun tó máa sọ ohun tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe àfi ìwé yín.

Nígbà òjò, bọ́ọ̀sì kan gbá mi lẹ́yìn ní Maryland. Èrò mi kò fara pa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ búùtù wọlé, bọ́ńpà já, iná ẹ̀yìn kan fọ́. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi. Ẹni tó gbé e ní kí n ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n wà kó tó di pé a sún wọn, kí n ya nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, kí n sì lọ gba àkọsílẹ̀ ní tésàn. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹni tó ń díye lé ohun tó bàjẹ́ wá bá mi lọ́dọ̀ panẹ́bítà n'Ọ̀gbà. Ó lóṣòó, ó fi ìka kan búùtù gbọ́ọ́gbọ́ọ́, ó ń tẹ́tí sí i bóyá wọ́n ti lẹ ibẹ̀ rí, ó tún fi èékánná ha ọ̀dà díẹ̀ níbi tó ti là. Ó dìde, ó ní, “Mà, èrò wà nínú ọkọ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣí áàpù, mo fi ìrìn àjò náà hàn án, ibi tí èrò ti wọlé àti àkókò tó wọlé. Ó ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó ka ìwé tí wọ́n so mọ́ ìwé àdéhùn mi, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn. Ó tán. Kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, kí n tó rí i pé ó kàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n sanwó, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò bó ṣe wà nínú àdéhùn. Búùtù tòkunbọ̀ ni wọ́n gbà láti san owó rẹ̀, kì í ṣe tuntun, panẹ́bítà sì bá wọn na iye iṣẹ́ rẹ̀ títí. Èyí ò bí mi nínú.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ó pẹ́. Lẹ́yìn tí ẹni yẹn ti wá tó ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Èmi ni mò ń pè wọ́n, tí wọ́n ń sọ pé fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Nígbà tó yá, mo kọ lẹ́tà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé màá fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAICOM. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yára. Ẹni tó ń san owó tó ju ti ọkọ̀ àdáni lọ yẹ kó rí ju bẹ́ẹ̀ gbà. Gbogbo àkókò tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ panẹ́bítà, owó tí mi ò rí pa, tèmi ni. Ìwé náà kò kàn án, wọ́n sì ti sọ fún mi kí n tó rà á. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ áàpù nìkan ló fi ń jẹun yóò mọ̀ ọ́n lára ju èmi lọ, kó sì tọ́jú owó díẹ̀ sápá kan nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé mi máa parí, ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá sì ti tún un ṣe. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún iye ọkọ̀ náà dá. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni Corolla tòkunbọ̀ ti ń gbówó lórí, ₦6 mílíọ̀nù kò sì lè ra irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Owó ìnṣọ́ránsì á lọ sókè. Màá san án, àmọ́ mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sórí ìwé tuntun náà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì, torí òun náà fẹ́ máa gbé èrò lálẹ́.