University of the People: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé ilé ìwé gidi ni University of the People, yunifásítì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà yẹn, ẹ gbà, mo ti kọ ọ́ síbí o, ẹnu ti ń ro mí.

Oṣù kejì 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wa, daṣẹ́ sílẹ̀, a rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, àfi bó ṣe di oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo jókòó sílé n'Íbàdàn, mò ń bá màámi ta piọ́ wọ́tà, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá dìgírì orí íntánẹ́ẹ̀tì kiri.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí (n ò ní dárúkọ wọn) ní kí n san dọ́là 900, oṣù mẹ́ta péré dìgírì ti dé, kò sí ìdánwò. Sáìtì wọn ń dán gbinrin, báàjì àwọn tí wọ́n ló fọwọ́ sí wọn kún ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Houston ló ní kí n lọ tẹ orúkọ tó wà lára báàjì yẹn sórí sáìtì CHEA, àjọ tó ń yẹ àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé wò ní Amẹ́ríkà, kí n wò ó bóyá Amẹ́ríkà mọ̀ wọ́n rí. Mo tẹ̀ ẹ́, òfo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tí ìròyìn gba ìlú kan pé oníròyìn kan gba dìgírì ní Kùtọnu láàárín àkókò tí ò tó oṣù méjì, tí ìjọba wa fi ní òun ò yẹ ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo wò mọ́ ná, ẹ mọ ibi tọ́rọ̀ mi ń lọ.

Mo tẹ University of the People náà, ó jáde. Shai Reshef ló dá a sílẹ̀ ní 2009, California ló wà, DEAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ìwé tí wọ́n ń kọ́ni látọ̀ọ́kán, fọwọ́ sí i ní 2014, nígbà tó sì di 2025 àjọ mìíràn, WSCUC, náà fọwọ́ sí i, àwọn WSCUC yìí ló ń fọwọ́ sí Stanford.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó ilé ìwé ò sí lóòótọ́, ìwé tá a ń kà náà ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù jẹ́ dọ́là 60, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní owó ìdánwò tiẹ̀, dọ́là 120 ni nígbà tí mo wọlé, ó ti gbówó lórí lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kọ́ọ̀sì 40 ló wà nínú báṣẹ́lọ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 2022 lọ́wọ́ àbókí, dọ́là 120 lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún 70 náírà, kó tó di 2024 owó kan náà ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún 180. Ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Síbẹ̀ n ò rí èyí tó dínwó tó o ní Amẹ́ríkà tí kì í ṣe 419. Wọ́n ní sikọ́láṣíìpù, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má tijú.

Sísan gan-an tún nìyọnu. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé ní 2022, báǹkì mi ní dọ́là 20 ni káàdì mi lè ná lóṣù, fọ́ọ̀mù sì jẹ́ 60! Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló ń bá mi san, èmi á wá gbé náírà lọ fún màmá ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.

Kò sí tíṣà tó máa dúró síwájú yín ṣàlàyé o. Ẹ máa kàwé, ẹ máa kọ asáìnmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo wọlé, àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ń máàkì tiwa, àwa náà ń máàkì tiwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra èyí, èmi fẹ́ràn ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí bí ẹlòmíì ṣe ro nǹkan. Alẹ́ Ọjọ́rú, aago 11:55 tiwọn, lọ̀sẹ̀ máa ń parí, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ aago 5:55 àárọ̀ níbí. Lọ́jọ́ kan NEPA mú iná, fóònù mi ku 4%, wọ́n ń pe ìrun lọ́wọ́, èmi ń fi àtàǹpàkò tẹ ìlà tó kẹ́yìn, aago 5:53 ló wọlé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tá a lè wá àgbà tó ṣeé fọkàn tán kó ṣọ́ wa níbi ìdánwò. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ṣe tèmi, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n fi pásíwọọ̀dù sí, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní "yíjú sẹ́yìn", bíi pé owó ìfẹ̀yìntì wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba nílé ńbí lojú ẹ̀ wà, kó kọ́kọ́ wo NOUN, yunifásítì ìjọba wa tí wọ́n ti ń kàwé látilé, náírà ni wọ́n ń gbà, NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì ní Nàìjíríà, mọ̀ wọ́n. Èmi fún University of the People ní 4 nínú 5, dọ́là ló jẹ wọ́n ní ookan tó kù. Ó ku kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án fún mi. Ọjọ́rú la wà yìí ṣá, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tí mo máa ṣe kílẹ̀ tó mọ́.